Ojú Tí Alákàn Fi Ń Ṣọ́ Ẹyin

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn apẹja, àwọn ìyá tó ń ta akàn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ létí ọ̀sà Èkó nìyí. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo kọ ọ́, àyàfi ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ti òru omi dé, ẹ kú ewu. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ gbé igbá kalẹ̀ nítorí tèmi, ajé á wọ igbá o. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ mú ìwé àti kálàmù wá, mo rí yín. Ẹ̀yin tí ẹ mú fóònù nìkan wá, mo rí ẹ̀yin náà.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ní ìbéèrè kan. Ta ni kò mọ òwe tó sọ pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí? Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ó dáa. À ń pa á fún ọmọ tó fẹ́ rìnrìn àjò, à ń pa á fún ẹni tó fẹ́ bá àjèjì dówò pọ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jẹ́ ká fi òwe sílẹ̀ díẹ̀, ká wo alákàn fúnra rẹ̀. Orí tí ojú yẹn ń ṣọ́, a mọ̀ ọ́n. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ojú kan náà ló ń ṣọ́ ẹyin inú rẹ̀. Mi ò pa àfiwé o. Ojú tó wà lórí igi tín-ín-rín níwájú akàn yẹn gan-an ni mo ń wí.

Ẹ wo abọ́ méjì tó wà níwájú mi yìí. Abo akàn kọ̀ọ̀kan ló wà nínú wọn, omi òkun ni mo sì bù sí i. Ẹ má tíì bi mí pé eélòó ni. Wọn kì í ṣe títà.

Ọ̀rọ̀ ìbàǹtẹ́

Ẹ dojú akàn dé, kí ikùn rẹ̀ wà lókè. Ẹ ṣọ́ ìka ọwọ́ yín. Ẹ ó rí ohun kan tó ká mọ́ ikùn rẹ̀ bí ìbàǹtẹ́. Ìrù rẹ̀ nìyẹn. Edé na ìrù tirẹ̀ sẹ́yìn, akàn ká tirẹ̀ sábẹ́. Bó bá tín-ín-rín tó gùn ṣóńṣó, akọ ni. Bó bá fẹ̀, tó rí róbótó, abo tó ti bàlágà ni. Èyí tó ní igun mẹ́ta, tó lẹ̀ mọ́ ikùn pinpin bíi pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ọmọge ni. Abo ni, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ọkọ.

Báwo ni igun mẹ́ta ṣe ń di róbótó? Egungun tiwa wà nínú, ẹran ló bò ó. Ti akàn wà níta, òun ló bo ẹran. Ẹran ń dàgbà, èèpo kì í dàgbà. Kí ni kó ṣe? Á bọ́ ọ sílẹ̀. Ẹ̀yìn èèpo á là, akàn á fi ẹ̀yìn rìn jáde nínú aṣọ àtijọ́ rẹ̀, á rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ó ń ṣe èyí lọ́pọ̀ ìgbà láti kékeré. Ṣùgbọ́n ní ti abo, ọ̀kan wà tó jẹ́ ìkẹyìn, òun ló ń mú un kúrò ní ọmọge. Ó wọlé pẹ̀lú ìbàǹtẹ́ onígun mẹ́ta, ó jáde pẹ̀lú èyí tó fẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kò tún ní bọ́ èèpo mọ́ láyé rẹ̀.

Kí n dúró díẹ̀ kí n sọ ibi tí wọ́n ti rí gbogbo èyí. Akàn ọ̀sà tiwa, àwọn onímọ̀ ń pè é ní Callinectes amnicola. Ó ní ọmọ ìyá kan ní etíkun Amẹ́ríkà, tí ọwọ́ rẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró. Callinectes sapidus ni orúkọ tirẹ̀. Ní Chesapeake Bay, ibi tí òkun ti ya wọ ilẹ̀ níbẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ṣọ́ akàn yìí lọ́wọ́ ọ̀sán àti òru, nítorí náà púpọ̀ nínú ohun tí màá sọ, lára tiwọn ni wọ́n ti rí i. Callinectes lédè Gíríìkì ni òmùwẹ̀ arẹwà. Sapidus lédè Látìnì ni aládùn. Obìnrin onímọ̀ kan, Mary Rathbun, ló fún un ní orúkọ kejì yẹn ní 1896. Ẹni tó bá sọ ẹran lórúkọ bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ rò pé kò ti tọ́ ọ wò? (Ẹ̀rín.)

Ó dáa, ká padà sí ọmọge wa. Nígbà tí bíbọ́ èèpo ìkẹyìn bá kù fẹ́ẹ́fẹ́, òórùn kan á máa bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde sínú omi. Akọ tó bá gbóòórùn yẹn, orí rẹ̀ á yí. Á nà ró lórí ẹsẹ̀, á na ọwọ́ méjèèjì, á máa jó, á máa tú iyanrìn ká. Bí abo bá gbà fún un, á gbé e sábẹ́ àyà, á sì dì í mú fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀yin apẹja, ẹ ò ti fa ìgèrè sókè rí kí ẹ bá akàn méjì tó dì mọ́ra, tí ẹ fà wọ́n títí tí ọ̀kan kò fi èkejì sílẹ̀? Ẹ máa ń ní ìjà ni wọ́n ń jà. Bàbá kan tilẹ̀ sọ fún mi pé òun máa ń lù wọ́n lọ́wọ́ kí òun fi là wọ́n. Bàbá, ìgbéyàwó lẹ lọ dà rú o!

Abo á bọ́ èèpo lábẹ́ àyà ọkọ rẹ̀. Ìgbà tó bá rọ̀ yẹn nìkan ló lè gba ọkọ. Lẹ́yìn náà, akọ kò ní lọ. Á tún gbé e mọ́ra di ìgbà tí èèpo tuntun bá le, nítorí pé ẹja, ẹyẹ, àti akàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá ló máa fẹ́ jẹ ẹ́ bó ṣe rọ̀ yẹn. Bí ara rẹ̀ bá ti le, ó parí. Akọ á wá òmíràn lọ. Abo kò ní fẹ́ ẹlòmíràn mọ́. Àpò méjì wà nínú rẹ̀ tó ń fi àtọ̀ pa mọ́ sí, èyí tó gbà ní àkókò yẹn ló máa fi bí gbogbo ọmọ tó máa bí, ìbà à jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ìbà à jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹyin inú àti ẹyin ìta

Ìyá tó bí ìyá mi ta akàn. Ọmọ bíi ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gbé igbá. Ọ̀rọ̀ kan wà tó fẹ́ràn láti máa sọ: "Ẹyin méjì ni akàn ní. Ọ̀kan wà fún wa, ọ̀kan wà fún omi." Mo rò pé èèwọ̀ ìdílé ni. Mo ti kàwé gboyè kí n tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá ni màmá ń kọ́ mi láìgba owó ilé-ìwé.

Ẹ̀yin ìyá wa, oníbàárà tó bá ní "ẹ bá mi mú èyí tó lẹ́yin," kí ló ń wá? Ohun pupa rúsúrúsú tó máa ń wà nínú akàn bí a bá ṣí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé ẹyin ni ìyẹn. Akàn kò tíì yé e. Lẹ́yìn tí abo bá ti rí ọkọ, ilé ẹyin yìí á wà bí òwú funfun méjì, tín-ín-rín, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ kò ní rí i. Díẹ̀díẹ̀ á di ìyeyè. Á wá di pupa bí ọsàn tó pọ́n, á kún ikùn dé igun èèpo méjèèjì. Ọ̀rá àti pupa ẹyin ló ń kó síbẹ̀, ìyẹn oúnjẹ tí ọmọ máa jẹ nínú ẹyin. Ní Chesapeake, oṣù méjì ni ó kéré jù láàárín ìgbéyàwó àti ìgbà tí ẹyin àkọ́kọ́ máa jáde, ó sì lè tó oṣù mẹ́sàn-án bí òtútù bá dé sí àárín rẹ̀.

Àwọ̀ pupa yẹn ńkọ́? Akàn kò lè dá a ṣe. Ewé wẹ́wẹ́ inú omi ló ti bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò omi jẹ ewé, akàn jẹ kòkòrò, àwọ̀ náà wá balẹ̀ sínú ẹyin. Òun kan náà ló wà nínú èèpo. Ẹ̀yin tí ẹ ń se akàn, ẹ ò béèrè rí pé kí ló dé tí akàn tó wọ ìkòkò ní àwọ̀ ewé fi ń jáde ní pupa? Iná kọ́ ló kùn ún. Pupa yẹn ti wà níbẹ̀ látilẹ̀ wá, amúaradàgbà kan ló dì í mọ́lẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà. Ooru tú ìdè yẹn, àwọ̀ sì padà sí bó ṣe jẹ́.

Ẹyin inú nìyẹn, èyí tí màmá ní ó wà fún wa. Èkejì ńkọ́?

Lọ́jọ́ tí ẹyin bá gbó, á gba inú àpò tí àtọ̀ wà kọjá, ibẹ̀ ló ti máa bá àtọ̀ pàdé, á sì jáde sábẹ́ ìbàǹtẹ́. Ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ onírun wà níbẹ̀, irun yẹn ni ẹyin máa so mọ́ ṣìnkìnṣìnkìn bí èso àjàrà. Ìdí tí ìbàǹtẹ́ fi ní láti fẹ̀ nìyẹn. Ẹ ó rí i tó wú jáde bí kànrìnkàn. Ẹyin kan tó bí ìdá mẹ́rin mílímítà kan péré. Mélòó ló wà níbẹ̀? Ní ti akàn Amẹ́ríkà, bíi 2,000,000 ni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ti ìyá tó tóbi sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ní "háà." Ẹ dúró ná. Bí akàn kò bá ní pọ̀ sí i tí kò sì ní dín kù nínú ọ̀sà, nínú gbogbo ẹyin tí ìyá kan yé láyé rẹ̀, méjì péré ló ní láti dàgbà: ọ̀kan tó máa rọ́pò rẹ̀, ọ̀kan tó máa rọ́pò ọkọ rẹ̀. Gbogbo ìyókù, oúnjẹ ẹja ni.

Abọ́ àkọ́kọ́ nìyí. Ẹ wo ìbàǹtẹ́ rẹ̀. Kí ni àwọ̀ ẹyin? Pupa bí ọsàn, ẹ ṣeun. Kò pẹ́ tó yé e. Abọ́ kejì nìyí. Dúdú bí èédú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rò pé ó ti bàjẹ́ ni, tàbí pé epo tó dà sómi ló kùn ún. Àárín èyí àti ìyẹn kò ju bíi ọ̀sẹ̀ méjì lọ nínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Pupa ń lọ nítorí pé ọmọ inú ẹyin ń jẹ pupa ẹyin náà. Dúdú ń bọ̀ nítorí kí ni?

Ojú. Ojú ni. Ojú ọmọ ló ń dúdú nínú ẹyin. Ẹyin kan, ojú méjì. Nígbà tí ìbàǹtẹ́ bá dúdú tán, ojú 4,000,000 ló ń wò yín lábẹ́ ìyá kan ṣoṣo.

Wọ́n ti fi àwọ̀ yìí ṣe òfin níbòmíràn. Ní Florida, ní Amẹ́ríkà, wọn kò gbọ́dọ̀ mú akàn tó gbé ẹyin síta rárá, àwọ̀ yòówù kó ní. Ní Virginia, èyí tí ẹyin rẹ̀ ti ṣókùnkùn ni wọ́n ń dáàbò bò láti ìgbà ìrúwé wọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, nítorí pé òun ni ọmọ rẹ̀ súnmọ́ àtijáde jù. Lójú tèmi, ti Florida sàn jù, torí àwọ̀ ń mú àríyànjiyàn wá. Apẹja á ní pupa ni, ọlọ́pàá á ní dúdú ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ìyá kò sinmi. Á máa ju ìbàǹtẹ́ sókè sódò kí afẹ́fẹ́ inú omi lè dé àárín ẹyin, á máa fi ẹsẹ̀ yọ èyí tó bá kú. Aràn kékeré kan tilẹ̀ wà tó ń gbé lára rẹ̀, tó ń jẹ ẹyin. Kí aràn náà tó jẹ ẹyin, funfun ni. Lẹ́yìn tó bá jẹ ẹ́, á pupa, á padà lọ fara pa mọ́ sínú ibi tí akàn fi ń mí. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ máa ń ṣí akàn wò, bí wọ́n bá rí aràn pupa níbẹ̀, wọ́n á ní ìyá yìí ti bímọ rí. Olè ló ń jẹ́rìí fún onílé.

Ọ̀rọ̀ ojú, tí mo torí rẹ̀ wá

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ibi tí mo ń lọ gan-an. Ta ló ń sọ fún ilé ẹyin pé ó tó àkókò? Ta ló ń sọ fún un pé kó dúró?

Ojú akàn wà lórí igi kékeré. Ó lè nà án, ó lè ká a sínú. Nínú igi yẹn ni ẹṣẹ́ kékeré kan wà, tó ń ṣe họ́mónù tó ń sọ fún ilé ẹyin pé "dúró ná." Ẹṣẹ́ kan náà ló ń ṣe èyí tó ń sọ fún èèpo pé "má tíì bọ́." Ojú ń wo ìmọ́lẹ̀, ó ń mọ bí ọjọ́ ṣe gùn sí, ara ń mọ bóyá omi gbóná, bóyá oúnjẹ wà. Bí nǹkan kò bá tíì dára, ìdè kò ní tú. Bó bá dára, họ́mónù yẹn á dín kù, ẹyin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Nígbà tí àwọn baba wa ń sọ pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, orí ni wọ́n rí. Ẹyin wà lẹ́yìn orí.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ní 1943, ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Panouse gé igi ojú edé. Àkókò ìyé ẹyin kò tíì tó, ṣùgbọ́n ilé ẹyin edé náà wú kíákíá, bíi pé ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn fún un. Bí a bá yọ olùṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó wà nínú á jáde.

Kí ni wọ́n fi ìmọ̀ yìí ṣe? Wọ́n fi ṣòwò. Ẹ mọ edé ńlá abìlà yẹn, èyí tí ìlà dúdú wà lára rẹ̀ bí ti ẹkùn, tí ẹ̀yin apẹja òkun ń mú báyìí tí àwọn baba yín kò mọ̀ ọ́n? Ará Éṣíà ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sìn ín nínú adágún. Edé irú èyí kì í gbé ẹyin kiri bí akàn. Òru ló máa ń tú u dà sínú òkun, ẹyin á rì, kí ọjọ́ kan tó pé ọmọ ti jáde. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá tì í mọ́ inú adágún, á sanra, ṣùgbọ́n kò ní yé. Ojú rẹ̀ ń sọ fún un pé ibí yìí kì í ṣe òkun. Nítorí náà wọ́n á mú abo, wọ́n á fún ojú rẹ̀ kan pọ̀ tàbí kí wọ́n fi irin gbígbóná sun ún. Ọ̀kan ṣoṣo ni o, wọn kì í ṣe méjèèjì. Láàárín bí ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀, ó ti yé.

Mo ti dúró níbi tí wọ́n ti ń ṣe é rí. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Ọmọdékùnrin tó ń ṣe é yára bí ẹni tó ń já ewé ẹ̀fọ́. Mo bi í pé ṣé kò dun edé náà? Ó ní, "Bùọ̀dá, edé kì í ké." Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ edé o. Èmi náà ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí wọ́n bá fi agbára mú yé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún mú un yé lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, títí ẹyin rẹ̀ á fi máa burú sí i, torí kò sí ẹni tó ń sọ fún un pé kó dúró kó jẹun. Àwọn kan ti ń gbìyànjú báyìí láti jẹ́ kí edé yé láìgé ojú, nípa oúnjẹ tó dára, ìmọ́lẹ̀ tó rọra, àti yíyan irú èyí tó ti mọ́ ilé lára. Ó lọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ wọn lágbára.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀

Ẹyin ti dúdú. Kí ló kù? Ìrìn àjò.

Abo tó gbé ẹyin kò lè bímọ sí ibi tó wù ú. Ọ̀sà ni ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ inú ẹyin nílò omi tó níyọ̀ púpọ̀, tó súnmọ́ ti òkun. Á máa tẹ̀lé omi tó ń fà, ní òru, díẹ̀díẹ̀, títí á fi dé ìtòsí ẹnu òkun. Ibẹ̀ ni á ti gbọn ìbàǹtẹ́, ọmọ á tú jáde, omi á gbé wọn lọ.

Bí ẹ bá rí ọmọ yẹn, ẹ ò ní gbà pé akàn ni. Kò ní ọwọ́ akàn, ìrù rẹ̀ gùn, ẹ̀gún gígùn kan ta jáde lórí, ojú rẹ̀ sì tóbi jù fún ara rẹ̀. Fún ọjọ́ pípẹ́, àwọn onímọ̀ Yúróòpù rò pé ẹ̀dá ọ̀tọ̀ ni, wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, Zoea. Dókítà àwọn ọmọ ogun kan, John Vaughan Thompson, tó ń gbé ní Cork ní ilẹ̀ Ireland, ló kó wọn láti inú òkun, tó tọ́ wọn, tó sì rí i tí wọ́n ń yí padà. Ní 1828 ó tẹ̀ ẹ́ jáde pé ọmọ akàn ni Zoea. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò gbà á gbọ́, wọ́n bá a jiyàn fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó fi ojú rí ni wọ́n ń bá jiyàn!

Ọmọ Zoea á bọ́ èèpo bí ẹ̀ẹ̀méje nínú òkun, ó tó oṣù kan sí oṣù kan àtààbọ̀. Lẹ́yìn náà á di ohun kan tó dà bí akàn tó dà bí edé, á padà wálé. Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọ̀sà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí omi bá ń kún wọlé lóru, ọmọ á léfòó, omi á gbé e wọ inú. Nígbà tí omi bá ń fà padà, á rì sísàlẹ̀, á di ilẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wọkọ̀ ọ̀fẹ́ títí á fi délé.

Ẹ wá wo ọ̀sà Èkó. Ó gbòòrò títí, ṣùgbọ́n ẹnu kan ṣoṣo ló fi ń bá òkun sọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà lọ sí Àpápá. Ibẹ̀ náà ni ìyá akàn ń gbà jáde, ibẹ̀ ni ọmọ ń gbà wọlé. Epo ọkọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rá páálí wà níbẹ̀, àwọ̀n wà níbẹ̀. Nígbà òjò, omi Ògùn àti Ọ̀ṣun á ya wọ ọ̀sà, iyọ̀ á lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun á wọlé, iyọ̀ á padà. Gbogbo ẹ̀dá inú rẹ̀ ló ń fi iyọ̀ yẹn ka oṣù.

Edé odò náà ń wá iyọ̀. Ní 1961, ní Malaysia, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Shao-Wen Ling ń gbìyànjú láti tọ́ edé odò ńlá. Ìyá ń gbé nínú omi tí kò níyọ̀ rárá, ẹyin rẹ̀ pa, ọmọ jáde, gbogbo wọn kú. Ìgbà tó bu omi oníyọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn ni ọmọ gbé. Ìyẹn ló bí gbogbo oko edé odò tó wà láyé lónìí. Tiwa náà, Macrobrachium vollenhovenii, bẹ́ẹ̀ ló rí. Òkè odò ni ìyá ń gbé, bó bá lóyún á sọ̀ kalẹ̀ síbi tí odò ti pàdé iyọ̀, ọmọ á sì gun odò padà.

Bí wọ́n bá wá dí ọ̀nà yẹn ńkọ́? Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ibí ló kan èèyàn. Ní 1986, wọ́n parí dáàmù Diama nítòsí ẹnu odò Senegal. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é dára: kí iyọ̀ òkun má baà wọ oko. Ṣùgbọ́n edé kò rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ mọ́, ọmọ kò rí ọ̀nà gòkè. Edé yẹn sì ni ó ń jẹ ìṣáwùrú. Ìṣáwùrú pọ̀. Inú ìṣáwùrú ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ń gbé. Láàárín ọdún díẹ̀, àìsàn náà bo ìlú Richard-Toll àti agbègbè rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ da edé padà sínú omi ní abúlé kan tó ń jẹ́ Lampsar, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015: ìṣáwùrú tó ní kòkòrò dín kù, àìsàn lára àwọn ará abúlé náà dín kù. Ẹ̀yin tí ẹ ti apá Abẹ́òkúta wá, ẹ mọ dáàmù Ọyán tí wọ́n ṣí ní 1983, ẹ sì mọ ohun tí àwọn ọmọ abúlé ẹ̀bá rẹ̀ ń tọ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Ìgbà wo ni a mọ edé ní kékeré? Àwọn Potogí dé ẹnu odò Wouri ní 1472, wọ́n bá edé níbẹ̀ bí iyanrìn, wọ́n pe odò náà ní Rio dos Camarões, Odò Edé. Orúkọ tí Kamẹrúùnù ń jẹ́ títí dòní nìyẹn. Orílẹ̀-èdè odindi, orúkọ edé ló ń jẹ́!

Ẹnì kan ń tọ́ka sí gbòǹgbò igi létí omi níbẹ̀ yẹn, ó ní kí n sọ ti onígbá méjì tó lẹ̀ mọ́ ọn, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní oyster. Kíá ni màá sọ ọ́. Òun kò ní ojú, kò sì ní ìbàǹtẹ́. Inú omi gbalasa ni akọ ń da àtọ̀ sí, ibẹ̀ ni abo ń da ẹyin sí, ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni. Ìyanu tirẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ ayé bí akọ, wọ́n á wá di abo bí wọ́n bá dàgbà tó láti gbé ẹyin púpọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọmọ wọn ń lẹ̀ mọ́ igi káàkiri ọ̀sà. Òjò á dé, iyọ̀ á lọ, èyí tó bá jìnnà sí ẹnu òkun á kú. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè

Màmá kan tó jókòó síwájú béèrè pé bí òun bá ra akàn lọ́wọ́ apẹja, tí òun sì bá ẹyin níta lára rẹ̀ nílé, ṣé òun lè fi ṣíbí fá ẹyin náà sómi kí òun sì ta ìyá? Màmá, ìbéèrè gidi nìyẹn. Rárá, ma. Ẹyin tí ẹ bá fá kò ní ẹni tó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kò ní ẹni tó máa yọ òkú kúrò nínú rẹ̀. Á rà nísàlẹ̀ ọ̀sà. Ìyá ni ilé rẹ̀. Bí akàn náà bá ṣì wà láàyè, ẹ dá a padà fún apẹja tó ń lọ sí apá ẹnu òkun.

Bàbá kan béèrè pé ta ló máa san owó epo ọkọ̀? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá ò rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún wọn pé n kò ní ìdáhùn tó máa kún táńkì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé inú ọkọ̀ ni ìgbà tó rọrùn jù láti ṣe é, kí akàn tó wọ agbọ̀n. Ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ wo ìbàǹtẹ́. Bó bá wú jáde, ẹ jù ú padà. Ìṣẹ́jú kan kò gbà á. Bàbá ní òun máa rò ó. Wọ́n ṣe dáadáa tí wọ́n kò purọ́ fún mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni pé ojú wà nínú ẹyin dúdú yẹn, àbí mo kàn ń sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ lè dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wà lọ́wọ́ mi yìí. Ẹ tò wá lẹ́yìn ara yín, kí àwọn ọmọdé ṣíwájú. Ẹ má fi ọwọ́ kan ẹyin. Ẹ kọ́kọ́ wo abọ́ pupa, kí ẹ tó wo abọ́ dúdú. Ẹ ṣe kíá díẹ̀, torí omi á bẹ̀rẹ̀ sí í fà láìpẹ́, ọkọ̀ tó máa gbé àwọn méjèèjì lọ sí ẹnu òkun ti ń dúró.